Àwòrán Mi

"Ẹ gbé apá sókè díẹ̀ sí i, Tíṣà."

Tíṣà gbé apá sókè. Aránṣọ yí téèpù ká a láyà, ó fà á ṣinṣin, ó sì fi èékánná di ibi tó dé mú. Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ kò sí lára téèpù mọ́. Láti ìgbà tí obìnrin yìí ti wọlé ni ojú rẹ̀ ò ti gbé ibì kan. Bí aránṣọ bá bẹ̀rẹ̀ láti wọn ìbàdí, ojú náà á balẹ̀ sí i láyà. Bó bá gbórí sókè báyìí, ojú náà á sá lọ sára ògiri, bí ẹni pé ògiri ló fẹ́ bá a rán aṣọ.

"Tíṣà, ṣé nǹkan ta sí mi láṣọ ni?"

"Rárá o, Àǹtí. Kò sí nǹkan kan o." Ṣùgbọ́n omi ti lé sí i lójú. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Gbogbo ìgbà tí mò ń wá síbí, tí mò ń pariwo pé aṣọ mi ò yá, mi ò mọ̀ pé irú nǹkan tójú yín ń rí nìyẹn. Ọlọ́run á wò yín sàn pátápátá."

"Irú nǹkan wo?"

"Àwòrán yẹn, Àǹtí. Èyí tí ọkọ yín yà, tó wà ní gbọ̀ngàn ìpàtẹ àwòrán." Tíṣà fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Mo kó àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ wo ìpàtẹ lánàá. Àwọn ló kọ́kọ́ dá yín mọ̀. Wọ́n ní, 'Tíṣà, ẹ wá wo Àǹtí tó ń rán yunifọ́ọ̀mù wa, wọn ò wọṣọ!' Mo fẹ́ bò wọ́n lójú, ṣùgbọ́n ọwọ́ mélòó ni mo ní?"

Lọ́jọ́ mìíràn, aránṣọ ì bá ti rẹ́rìn-ín títí. Lọ́jọ́ yìí, ká ní wọ́n fi ọ̀bẹ gún un, kò ní ṣẹ̀jẹ̀. Téèpù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ká jọ sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ àwọn méjèèjì.

Àwọn tó mọ̀ pé ọmú aránṣọ ò pé méjì mọ́ kò ju ọkọ rẹ̀, ìyá rẹ̀ àti dókítà tó gé e lọ. Ohun tí àwọn oníbàárà gbọ́ ni pé ìyá rẹ̀ ló ń ṣàìsàn, òun ló sì fi ti ṣọ́ọ̀bù pa fún ìgbà pípẹ́ lọ́dún tó kọjá. Ìyá náà sì gbà láti ṣàìsàn. Ta ni yóò fi ìyẹn du ọmọ rẹ̀? Nígbà tí ara aránṣọ yá tó láti jókòó nídìí ẹ̀rọ, ohun àkọ́kọ́ tó rán ni ọmú. Ó gé aṣọ rírọ̀, ó rán an ní róbótó, ó sì da ẹ̀wà sínú rẹ̀ kó lè wúwo bí ìkejì rẹ̀. Ó sì jọ ọ́ dáadáa, àfi lọ́jọ́ tí kòkòrò bẹ̀rẹ̀ sí í yọ jáde lọ́rùn aṣọ rẹ̀ níbi tó ti ń wọn ìyàwó olówó kan. Ó sá wọ ilé ìtọ̀ lọ́jọ́ náà, ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀rín fi di ẹkún. Òkúta wẹ́wẹ́ ló kó sínú rẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, nítorí òkúta kì í ní kòkòrò.

Ó máa ń gbóná, ó sì máa ń fa èjìká rẹ̀ wálẹ̀. Ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ ló yàn án. Ẹni tó bá wù ú kó mọ̀, òun ni yóò fẹnu ara rẹ̀ sọ fún un, ní ọjọ́ tó bá wù ú. Nínú gbogbo ohun tí àìsàn náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀, ìyẹn nìkan ló rò pé ó ṣẹ́ kù sí òun lọ́wọ́.

Ó bẹ̀rẹ̀, ó he téèpù. "Ẹ yíjú sọ́hùn-ún, Tíṣà. Ó ku èjìká."

Ó wọn èjìká, ó wọn gígùn apá. Nígbà tó tó ìgbà tí Tíṣà fẹ́ máa lọ, ó bi í pé, "Báwo ló ṣe rí?"

"Kí ni, Àǹtí?"

"Àwòrán náà."

Tíṣà ronú díẹ̀. "Ó rẹwà," ló wí. "Ó bà mí lẹ́rù, ṣùgbọ́n ó rẹwà. Nígbà tí mo délé, mo tilẹ̀kùn yàrá, mo fọwọ́ wá gbogbo ọmú mi bóyá kókó wà níbẹ̀. Mi ò ṣe irú ẹ̀ rí láyé mi."

Aránṣọ kò mọ ibi tí yóò gbé ọ̀rọ̀ yìí sí. Ó sin Tíṣà dé ẹnu ọ̀nà, ó sì ti ṣọ́ọ̀bù.

Ẹ̀yìnkùlé ló bá ọkọ rẹ̀, níbi tó ti ń fọ búrọ́ọ̀ṣì nínú agolo. Ọmọ kíláàsì kan náà ni àwọn méjèèjì nígbà èwe. Láti ìgbà náà ni ọkùnrin yìí ti ń pè é ní Abẹ́rẹ́, nítorí ẹnu rẹ̀ tó mú. Òun náà ń pe ọkùnrin náà ní Ọlọ́dà, nítorí kò sí aṣọ tí kò ní ọ̀dà lára.

"Abẹ́rẹ́! O tètè dé lónìí."

"Ìwọ lo ní kí n má wá lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí ìpàtẹ yẹn. O ní èrò máa pọ̀, o ní mi ò tíì lágbára tó. Mo jókòó sílé, mò ń sọ lọ́kàn mi pé ọkọ mi mà kúkú fẹ́ràn mi o."

Búrọ́ọ̀ṣì dúró nínú omi. "Ta ló sọ fún ẹ?"

Kò bi í pé kí ló dé. Kò bi í pé kí ló ń sọ. Ta ló sọ fún ẹ ló kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu rẹ̀, ìyẹn sì ti tó.

"Àwọn ọmọ tí mò ń rán yunifọ́ọ̀mù fún ni. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n ń bọ̀ wá kí n wọ̀n wọ́n. Àwọn ti kọ́kọ́ wọ̀n mí ná."

"Jókòó, jẹ́ ká sọ̀rọ̀."

"Mi ò jókòó. Kí ni mo sọ fún ẹ lọ́jọ́ yẹn, nígbà tí mo dúró síwájú dígí?"

Àwọn méjèèjì rántí ọjọ́ náà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tú báńdéèjì tó gbẹ̀yìn ni. Aránṣọ dúró síwájú dígí yàrá, ó fẹ́ wo ara rẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́. Ọkọ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ọkùnrin tó bu oúnjẹ sí i lẹ́nu, tó fọ gbogbo aṣọ ẹlẹ́jẹ̀ láìkáàánú ara rẹ̀, kò sunkún lẹ́ẹ̀kan rí. Ó bi í lọ́jọ́ náà pé, "Ṣé kí n yà á?" Aránṣọ gbà fún un nítorí pé bí pẹ́ńsù ṣe bọ́ sí i lọ́wọ́ ni ọwọ́ náà kò gbọ̀n mọ́. Ó ní kó yà á, ṣùgbọ́n kó mọ sáàárín òun àti ọkọ òun àti dígí náà. Ọkùnrin náà sì ní bẹ́ẹ̀ ni.

"O ní bẹ́ẹ̀ ni, Ọlọ́dà."

"Orí ìwé ni mo ní bẹ́ẹ̀ ni lé. Orí kánfáàsì lèyí wà." Bó ṣe sọ ọ́ tán, òun pàápàá gbọ́ bó ṣe dún, ó sì wolẹ̀. "Abẹ́rẹ́, mi ò rí nǹkan mìíràn yà. Mo fẹ́ ya igi, ìwọ ni. Mo fẹ́ ya ọjà, ìwọ ni. Mo ní kí n yà á, bóyá màá lè sùn. Nígbà tó parí, ó dára ju gbogbo ohun tí mo ti ṣe láyé mi lọ. Ṣé kí n wá kì í bọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni? Àwọn obìnrin ń dúró níwájú ẹ̀, wọ́n ń sunkún. Àwọn kan ń gba ibẹ̀ lọ sílé ìwòsàn tààrà. Ṣé ìyẹn ò tó nǹkan ni?"

"Ó tó nǹkan. Kí ló dé tí o ò bi mí?"

"Torí mo mọ̀ pé o máa kọ̀."

Adìẹ aládùúgbò kan kọjá láàárín wọn, kò sí ẹni tó lé e.

"Lọ gbé e kúrò níbẹ̀," ni aránṣọ wí.

"Kò ṣeé ṣe mọ́. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ sórí pósítà. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa kó gbogbo ẹ̀ lọ sókè òkun. Iṣẹ́ ọwọ́ mi ni. Àwòrán mi ni, Abẹ́rẹ́."

"Àwòrán mi ni."

Ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sọ, kò lé, kò dín. Ẹni tó yà á ní àwòrán òun ni, ẹni tí wọ́n yà náà ní àwòrán òun ni, kò sì sí ẹni tó parọ́ nínú wọn. Èdè wọn kò bá wọn yanjú ẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń jẹun nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ṣíbí nìkan ló ń fọhùn.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, aránṣọ wọ aṣọ tó dára jù lára àwọn aṣọ rẹ̀, ó to òkúta rẹ̀ sáyà dáadáa, ó sì kọrí sí gbọ̀ngàn. Ọkọ rẹ̀ ń tẹ̀ lé e lẹ́yìn bí ọmọ tí wọ́n ń mú lọ fi han ọ̀gá ilé ìwé. Pósítà ni wọ́n kọ́kọ́ pàdé lẹ́nu géètì: ojú rẹ̀, ọrùn rẹ̀, téèpù tó fi kọ́ ọrùn. Ẹni tó ṣe pósítà ní ìtìjú díẹ̀, ó gé e dúró ní èjìká. Ọkùnrin kan tó ń ta omi wo pósítà, ó wo aránṣọ, ó tún wo pósítà. Aránṣọ kí i pé ẹ káàárọ̀, ó sì wọlé.

Ọ̀gá gbọ̀ngàn jẹ́ obìnrin àgbàlagbà kan tí irun rẹ̀ ti funfun, tó sì máa ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ bí ẹni pé àwọn àwòrán ń sùn. Nígbà tó rí wọn, inú rẹ̀ dùn gidigidi.

"Ẹ káàbọ̀, màmá! Ẹ̀yin gan-an la ti ń retí. Gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń bèèrè yín."

"Ẹ ṣé, mà. Mo wá kí ẹ lè bá mi gbé e sọ̀ kalẹ̀ ni."

Ọ̀gá gbọ̀ngàn wo ọkọ, ó wo ìyàwó. "Háà. Ẹ má bínú o, ẹni tó bá ni àwòrán nìkan ló lè ní ká gbé e sọ̀. Ta ló ni ín?"

"Àwòrán mi ni," ni àwọn méjèèjì wí lẹ́ẹ̀kan náà.

Ọ̀gá gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà tọkọtaya ni. Nígbà tí kò rí ẹni tó bá a rẹ́rìn-ín, ó yọ jígí ojú rẹ̀, ó ń nù ún.

Ìgbà náà ni aránṣọ yíjú sí i. Ó wà lórí ògiri tó kángun sí ẹ̀yìn, ó tóbi ju ilẹ̀kùn lọ. Obìnrin kan jókòó lórí àga ìránṣọ, ó kọjú sí gbogbo ayé, aṣọ wà ní ìdí rẹ̀, kò sí nǹkan lókè bí kò ṣe téèpù. Ọlọ́dà ti fi ọ̀dà ṣe ohun tí kò fẹnu sọ rí: ìmọ́lẹ̀ tó bà lé obìnrin náà léjìká dà bí ọwọ́ ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmú kan tó rọ̀, àpá gígùn kan gba àyà kọjá, pupa díẹ̀, gbígbẹ díẹ̀, bó ṣe rí gan-an. Òótọ́ ni Tíṣà sọ. Ó rẹwà. Inú bí aránṣọ pé ó rẹwà. Ìbá rọrùn ká ní ó burú.

Láìmọ̀, ó gbé ọwọ́ lé ibi tí àpá tirẹ̀ wà. Ó ń wo obìnrin orí ògiri. Ọwọ́ rẹ̀ wà níbì kan, àpá obìnrin náà wà níbòmíràn. Ó kọ́kọ́ rò pé ojú òun ló ń ṣe báyìí. Ó sún mọ́ ọn. Ó yí ẹ̀yìn sí i, ó fi ara rẹ̀ sí ipò obìnrin náà bí ẹni tó fẹ́ jókòó sórí àga kan náà, ó sì tún fọwọ́ wá àyà rẹ̀.

"Ọlọ́dà," ló wí, "èwo ni wọ́n gé lára mi? Má wo àwòrán. Èmi ni kí o wò."

Ọ̀gá gbọ̀ngàn gbọ́ "o" yẹn, ó sì wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti fẹ́ra, "ẹ" ni aránṣọ máa ń fi bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lójú àlejò. "O" ti yàrá ni. Lọ́jọ́ yìí ó gbé e jáde sí gbangba bí aṣọ àwọ̀sùn.

Ọkọ rẹ̀ wo àyà rẹ̀. Òkúta ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ lábẹ́ aṣọ, ìhà méjèèjì dọ́gba. Òógùn bo ọkùnrin náà níwájú orí. Ojú rẹ̀ sá lọ sórí ògiri, ó sì sá padà.

"Òsì," ló wí.

"Ọ̀tún ni."

Ọkùnrin náà yíjú sí àwòrán, wọ́n sì rí i bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń yé e díẹ̀díẹ̀. Inú dígí ló ti yà á lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yìn aya rẹ̀ ló kọ sí i, ohun tó wà nínú dígí ló yà sórí ìwé. Nígbà tó sì fẹ́ gbé obìnrin náà jókòó kó kọjú sí èrò, ó yí i padà, ṣùgbọ́n kò rántí yí àpá rẹ̀ padà.

"Àtẹ́lẹwọ́ ẹni kì í tan ni jẹ," ni aránṣọ wí. Ohùn rẹ̀ kò ga. "Ká ní o fọwọ́ kàn mí lẹ́ẹ̀kan péré láti ọjọ́ yẹn, ọwọ́ ẹ ì bá ti sọ fún ẹ. O ò kàn mí. Mo ní àánú mi ló ń ṣe ẹ́. Mo ní o ń dúró kí ojú ọgbẹ́ jinná. O jókòó síwájú èyí, o wò ó títí tó fi parí. Èmi lo ò tíì wò."

Ọkùnrin náà gbé ọwọ́ lérí. "Yéè! Ẹ gbé e sọ̀! Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e sọ̀ ní kíá, kí ẹnikẹ́ni mìíràn tó rí i!"

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe gbé e sọ̀. Ohun tí ẹ̀bẹ̀ ìyàwó kò lè ṣe, àṣìṣe ṣe é. Aránṣọ dúró, ó ń wo bí wọ́n ṣe ń tú ìkọ́ rẹ̀. Ó ti rí ohun tó bá wá, ṣùgbọ́n ọ̀nà tó gbà rí i dùn ún ju kí wọ́n ti fi dù ú lọ.

Ọkọ rẹ̀ yíjú sí i, ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Abẹ́rẹ́, dárí jì mí. Jókòó fún mi lẹ́ẹ̀kan sí i. Lónìí, nígbà tá a bá délé. Màá wò ẹ́ dáadáa lọ́tẹ̀ yìí, màá tún un ṣe kí wọ́n tó kó wọn lọ."

Ó mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń sọ ọ́. Àánú rẹ̀ ṣe é, inú sì bí i. Méjèèjì jọ dé ni.

"Rárá."

"Ẹ̀ẹ̀kan péré, Abẹ́rẹ́."

"Rárá, Ọlọ́dà. Ara kì í wúwo kí alára má lè gbé e. Gbé búrọ́ọ̀ṣì ẹ, jẹ́ kí n gbé ara mi. Bí o bá fẹ́ wò mí, o mọ yàrá. Má mú ìwé dání wá."

Kò bá a padà sílé. Ó lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì bọ́ aṣọ tó dára yẹn. Ó bọ́ kọ́mú. Ó mú àpò òkúta náà lọ́wọ́, ó gbé e yẹ̀ wò bí ẹni tó ń ra iṣu, ó sì gbé e sórí tábìlì. Ó wá mú téèpù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ara rẹ̀. Láti ìgbà tó ti dé láti ilé ìwòsàn, pátánì àtijọ́, bébà ìwọ̀n tí aránṣọ máa ń tẹ̀ lé, ló fi ń gé aṣọ ara rẹ̀. Ara tí kò sí mọ́ ló ń ránṣọ fún.

Ó tẹ́ bébà fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀ sórí tábìlì, ó mú ṣọ́ọ̀kì. Ó fa ọrùn, ó fa èjìká. Ní ìhà òsì, ó fa ìlà tó yípo, ó sì fi dáàtì sí i, ibi tí wọ́n máa ń ká aṣọ mọ́ra kó lè gba ọmú. Nígbà tó dé ìhà ọ̀tún, ọwọ́ rẹ̀ tó mọ iṣẹ́ fẹ́ yípo bákan náà. Ó dá ọwọ́ náà dúró. Ó sunkún díẹ̀, kò fi pamọ́ fún ara rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fa ìlà náà lọ tààrà, láìsí dáàtì, bó ṣe rí. Ó fi ìlà gígùn tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí ibi tí àpá gbà kọjá. Aṣọ kò nílò ìyẹn. Òun ló wù.

Ó gé e, ó fi kọ́ ìṣó lára ògiri, láàárín pátánì àwọn oníbàárà.

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ yí, Tíṣà kó àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ wá. Wọ́n kó àwọn àwòrán yòókù lọ sókè òkun. Àwòrán ńlá náà wà nílé, ó kọjú sí ògiri. Ọkọ aránṣọ kò tíì ya nǹkan kan láti ọjọ́ náà. Ó máa ń dé ẹnu ọ̀nà yàrá, á dúró, á sì padà. Aránṣọ kò pè é, kò sì ti ilẹ̀kùn.

Aṣọ tuntun ló wọ̀ lọ́jọ́ náà. Ìhà òsì rẹ̀ gbà dáadáa, ìhà ọ̀tún sì tẹ́jú lọ rẹrẹ. Àwọn ọmọ tò síwájú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń fi ìgúnpá gún ara wọn. Ọmọbìnrin tó wà níwájú kò wo ẹnikẹ́ni. Ara ògiri ló ń wò.

"Àǹtí, àwòrán ta nìyẹn?"

"Dákẹ́ ẹnu ẹ!" ni Tíṣà wí kíákíá. "Àǹtí, ẹ má bínú, ọmọ aláriwo ni—"

"Ẹ jẹ́ kó bèèrè, Tíṣà." Aránṣọ wo pátánì náà lórí ìṣó. "Àwòrán mi ni."

"Ta ló yà á?"

"Èmi ni."

Ọmọ náà wo bébà, ó wo aṣọ tó wà lára aránṣọ, ó sì mi orí bí ẹni tí ìṣirò rẹ̀ bára mu. Aránṣọ na téèpù, ṣùgbọ́n kó tó fi kàn án, ó dúró.

"Ṣé kí n wọ̀n ẹ́?"

Ọmọ náà gbójú sókè wò ó. Kò sí aránṣọ tó bi í bẹ́ẹ̀ rí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ó dáa. Gbé apá sókè."